Ta ni MacArthur, kí ló sì dé tí Truman fi yọ ọ́ níṣẹ́?

Ní February 2025, Ààrẹ Trump yọ Ọ̀gágun Charles Q. Brown, olórí gbogbo àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà, kúrò nípò rẹ̀. Bí irú ìròyìn báyìí bá ti jáde, ìbéèrè méjì ló máa ń wà lẹ́nu àwọn ènìyàn wa. Àkọ́kọ́: ṣé ààrẹ lè jí láàárọ̀ kó ní kí ọ̀gágun tó ti lo nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́ máa lọ sílé? Èkejì: ta ni Douglas MacArthur, ọ̀gágun tí Ààrẹ Truman yọ níṣẹ́ ní 1951, tí wọ́n máa ń tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ bá ti di báyìí?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ kò gùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ààrẹ lè ṣe é. Ti MacArthur ló le, nítorí bí o bá bi ènìyàn mẹ́ta nípa rẹ̀, ìtàn mẹ́ta ni wàá gbọ́. Ẹnì kan á ní akọni ni. Ẹnì kan á ní agbéraga tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti gbogbo ayé sínú ogun ni. Ẹni kẹta á ní òun ló sọ Japan di ohun tó dà lónìí. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Lójú tèmi, ìwà kan náà ló bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọkùnrin náà kò fìgbà kankan gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹnì kan wà lórí òun.

Kí là ń pè ní ọ̀gágun, ta sì ni ọ̀gá ọ̀gágun?

Ọ̀gágun ni ẹni tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní jẹ́nẹ́rà. Ìràwọ̀ tó wà léjìká wọn ni wọ́n fi ń mọ bí ipò wọn ṣe ga tó, láti orí ọ̀kan dé mẹ́rin. Ìràwọ̀ márùn-ún wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àkókò Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n dá a sílẹ̀, ènìyàn márùn-ún péré ló sì gbà á nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. MacArthur wà lára wọn.

Síbẹ̀, bí ìràwọ̀ ṣe wù kó pọ̀ tó, òfin Amẹ́ríkà sọ pé ààrẹ ni olórí gbogbo ọmọ ogun. Ààrẹ yìí lè má tíì gbé ìbọn rí láyé rẹ̀, kò sí nǹkan tí ìyẹn yí padà. Ẹ wò ó báyìí: bíríkìlà mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ju onílé lọ, ó lè bá onílé jiyàn lórí ìpìlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n onílé ló ń sọ iye yàrá tó fẹ́, torí òun ló nilẹ̀, òun ló nowó. Bíríkìlà tí kò bá fara mọ́ ọn lè fiṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó máa kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì sórí ilé tí wọ́n ní kó má gòkè, kó sì tún máa bá àwọn aládùúgbò sọ pé onílé ò mọ nǹkan kan. Ohun tí MacArthur ṣe gan-an nìyẹn, a óò dé ibẹ̀.

Inú ilé wo ló ti jáde?

Inú bárékè ni wọ́n bí i sí, ní Little Rock, ìpínlẹ̀ Arkansas, ní January 26, 1880. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, bàbá rẹ̀ jà fún Àríwá, ohun tó ṣe lójú ogun ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ló sì mú kó gba àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ fún akínkanjú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ará Virginia ni ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀, Gúúsù sì ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jà fún. Ìyá yìí ò fọmọ ṣeré. Nígbà tí Douglas wọ West Point, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, ìyá rẹ̀ kó ẹrù lọ sí hótẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ibẹ̀, ó sì ń gbébẹ̀ kó lè máa mójú tó o. Ọmọ náà gba ipò kìíní nígbà tí wọ́n jáde ní 1903.

Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ní ilẹ̀ Faransé, kì í dé akoto irin, kì í sì í fẹ́ lo ìbòjú tí wọ́n fi ń dènà afẹ́fẹ́ olóró. Afẹ́fẹ́ olóró náà sì bà á. Wọ́n fi oríṣiríṣi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá. Ìgboyà rẹ̀ kò sí nínú àríyànjiyàn rárá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Washington ní 1932?

Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ti jagun ní ilẹ̀ Faransé lọ pàgọ́ sí Washington. Ìjọba ti ṣèlérí owó fún wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n 1945 ni wọ́n tó máa san án. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n san án báyìí. MacArthur ni olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ nígbà náà. Ní July 28, ó wọ aṣọ ológun rẹ̀ tòun ti àmì ẹ̀yẹ, ó sì dúró síwájú àwọn ọmọ ogun tó ń fi ẹṣin, ọkọ̀ ogun àti tajútajú lé wọn.

Ààrẹ Hoover ránṣẹ́ pé kí wọ́n má sọdá afárá odò Anacostia, níbi tí àgọ́ tó tóbi jù wà, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ àwọn ènìyàn náà. Wọ́n sọdá. Àgọ́ náà jóná. Ọ̀gá ológun kan tó wà lábẹ́ MacArthur, Dwight Eisenhower, ti gbà á nímọ̀ràn pé kó má tilẹ̀ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kò gbọ́. Ẹ rántí Eisenhower yìí. Ẹ sì rántí afárá náà, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ààrẹ máa ní kó dúró tí kò ní dúró. Hoover kò bá a wí.

Akọni ni ní Filipíìnì àbí ẹni tó sá?

Abẹ́ Amẹ́ríkà ni Filipíìnì wà nígbà náà, MacArthur ló sì ń darí àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ nígbà tí Japan bẹ̀rẹ̀ ogun ní December 1941. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ti ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Hawaii. Ọ̀pọ̀ wákàtí kọjá lẹ́yìn ìyẹn kí ọkọ̀ òfurufú Japan tó dé, síbẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n bá ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ ní Clark Field, pápákọ̀ òfurufú àwọn ológun, tí wọ́n fọ́ wọn túútúú. Ọ̀gá ológun mìíràn ì bá ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ torí ìyẹn. Wọ́n fún òun ní àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ, irú èyí tí bàbá rẹ̀ gbà.

Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sá wọ Bataan, oúnjẹ sì tán lọ́wọ́ wọn. Erékùṣù Corregidor ni òun wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì sọdá lọ wò wọ́n. Wọ́n fi í kọrin, wọ́n ń pè é ní Doug inú ihò. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà ní Corregidor pẹ̀lú rẹ̀ rí i tó ń dúró síta gbangba nígbà tí bọ́ǹbù ń já lulẹ̀. Kì í ṣe ojo. Kò kàn lọ wo àwọn tí ebi ń pa ni.

Nǹkan kan tún wà tí ayé kò mọ̀ títí ó fi kú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942, ààrẹ Filipíìnì, Manuel Quezon, fi 500,000 dọ́là ta á lọ́rẹ. Ó gbà á. Nígbà tí wọ́n na irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ sí Eisenhower, ó kọ̀ ọ́.

Ààrẹ Roosevelt ló pàṣẹ kó kúrò níbẹ̀. Lálẹ́ March 11, 1942, òun, ìyàwó rẹ̀, ọmọ wọn kékeré àti ìránṣẹ́ tó ń tọ́jú ọmọ náà wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré, wọ́n sì gba àárín ọkọ̀ ogun Japan jáde. Ó dé Australia, ó ní òun á padà. Washington fẹ́ kó sọ pé “a óò padà”. Kò yí i. “Èmi” ni. Ní April, ó ju 70,000 ọmọ ogun Filipíìnì àti Amẹ́ríkà tó bọ́ sọ́wọ́ Japan ní Bataan. Wọ́n dà wọ́n lọ́nà jíjìn nínú oòrùn láìsí oúnjẹ àti omi tó tó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì kú lójú ọ̀nà. Ó padà lóòótọ́, ní October 20, 1944. Ó wọ́ nínú omi tó mù ún dé orúnkún gúnlẹ̀ sí erékùṣù Leyte ní Filipíìnì, pẹ̀lú àwọn oníyàwòrán lẹ́yìn àti níwájú. Ní Filipíìnì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọjọ́ yẹn ju gbogbo ìyókù lọ.

Báwo lẹni tí kì í gba àṣẹ ṣe fún Japan ní òmìnira?

Apá ibí yìí ló ya èmi lẹ́nu jù. Láti 1945 dé 1951, MacArthur ni alágbára jù lọ ní Japan. Ó fi ọ́fíìsì sí ilé ńlá kan ní Tokyo tó kọjú sí ààfin ọba. Ní September 27, 1945, Ọba Hirohito, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń kà sí òrìṣà, wá kí i nílé. Wọ́n ya fọ́tò. Ọba wọ kóòtù ńlá, ó dúró ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gágun kò so táì, kò dé bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí bí ẹni tó ń retí mẹkáníìkì. Ìjọba Japan ò fẹ́ kí ìwé ìròyìn gbé e jáde. Amẹ́ríkà ní dandan, kí wọ́n gbé e. Ẹni tó bá mọ ohun tí ọba jẹ́ nílẹ̀ àwọn tó lọ́ba yóò mọ̀ pé fọ́tò yẹn ju ìwé òfin mẹ́wàá lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló kọ̀ kí wọ́n pe Hirohito lẹ́jọ́. Ó mọ̀ pé bí ọba bá wà níbẹ̀ tó sì ń fọwọ́ sí ohun gbogbo, ìlú á gbọ́rọ̀.

Ní February 1946, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun fún Japan. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọbìnrin ọdún méjìlélógún kan, Beate Sirota, ló kọ apá tó fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ìgbéyàwó àti ogún. Ní April ọdún náà, àwọn obìnrin Japan dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́, obìnrin 39 sì wọlé sí ilé aṣòfin. Ìjọba ra ilẹ̀ oko lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ńlá, ó tà á fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ro ó. Ìṣákọ́lẹ̀ tó ti wà lọ́rùn àgbẹ̀ fún ìran dé ìran fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá dá irú èyí lábàá, MacArthur fúnra rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ pè é ní kọ́múníìsì.

Ṣùgbọ́n òfin tuntun náà ní kí kálukú máa sọ èrò ọkàn rẹ̀, nígbà tí ọ́fíìsì MacArthur ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá ta ko ọ̀gágun kò ní rí i tẹ̀ jáde. Kódà, wọn kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta pé wọ́n ń yọ ọ̀rọ̀. Abala kẹsàn-án òfin náà sọ pé Japan kò ní jagun mọ́ láé. Nígbà tó di July 1950, MacArthur kan náà ní kí wọ́n kó 75,000 ènìyàn jọ, wọ́n pè wọ́n ní ọlọ́pàá, àwọn yìí ló sì di ẹgbẹ́ ológun Japan ti òde òní. Èyí tó burú jù ni ti àwọn dókítà Japan tó fi àwọn ará Ṣáínà tó wà láàyè dán àìsàn wò nígbà ogun. Amẹ́ríkà dá wọn sí ní pàṣípààrọ̀ fún ìwé ìwádìí wọn, MacArthur sì fara mọ́ ọn.

Níbi tó ti ń ṣe bí ọba, ó gba agbára lọ́wọ́ àwọn alágbára, ó fún àwọn mẹ̀kúnnù. Níbi tó ti jẹ́ ìránṣẹ́ ni kò ti lè fara balẹ̀.

Kí ló fa wàhálà Kòríà?

Abẹ́ Japan ni Kòríà wà títí di 1945. Lẹ́yìn ogun, Rọ́ṣíà mú Àríwá, Amẹ́ríkà mú Gúúsù. Ní June 25, 1950, Àríwá kọlu Gúúsù. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí àwọn orílẹ̀-èdè ran Gúúsù lọ́wọ́, MacArthur sì di olórí gbogbo ọmọ ogun náà ní ọmọ àádọ́rin ọdún.

Àríwá ti lé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dé igun kan lẹ́bàá Pusan kí ó tó dá ìmọ̀ràn kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ológun pè ní wèrè: ká fi ọkọ̀ ojú omi gba ẹ̀yìn ọ̀tá gúnlẹ̀ sí Incheon. Omi òkun ibẹ̀ máa ń lọ sókè, ó máa ń lọ sílẹ̀, ó lè tó mítà mẹ́sàn-án. Bí ó bá fà tán, ẹrẹ̀ lásán ló kù. Ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ lóṣù ni ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Ó gbógun lọ síbẹ̀ ní September 15, ọ̀tá tú ká, kí oṣù tó parí wọ́n ti gba Seoul, olú ìlú Gúúsù, padà.

Mo rò pé Incheon gan-an ló bà á jẹ́. Lẹ́yìn ìgbà náà, ta ló fẹ́ sọ fún un pé kò mọ nǹkan tó ń ṣe? Truman fúnra rẹ̀ fò lọ bá a ní erékùṣù Wake ní October 15, ìrìn tó jìnnà ju ti MacArthur lọ fíìfíì. Ọ̀gágun bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò kí i bí ológun ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀. Ó fi dá ààrẹ lójú pé Ṣáínà kò ní wọ ogun náà, àti pé bí wọ́n bá wọ̀ ọ́, ìpakúpa ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọmọ ogun Ṣáínà ti ń sọdá odò Yalu, tó pààlà Ṣáínà àti Kòríà, lóru. Ní ìparí November, nǹkan bí 300,000 wọn bo àwọn ọmọ ogun MacArthur nínú yìnyín, àwọn ọmọ ogun náà sá padà, Seoul sì tún bọ́ ní January 1951.

Kí ló fà á tí wọ́n fi yọ ọ́? Ṣé tìtorí bọ́ǹbù átọ́míìkì ni?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í sọ nìyí. Lóòótọ́, MacArthur fẹ́ kí àṣẹ bọ́ǹbù átọ́míìkì wà lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n Truman náà, ní ọ̀sẹ̀ tó yọ ọ́ gan-an, fọwọ́ sí i kí wọ́n kó bọ́ǹbù mẹ́sàn-án fún àwọn ọmọ ogun òfurufú bó bá di dandan. Bọ́ǹbù kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Èrò wọn ló yàtọ̀. Truman fẹ́ kí ogun náà dúró sí Kòríà, torí Rọ́ṣíà ti ní bọ́ǹbù átọ́míìkì tirẹ̀ láti 1949, ó sì lè kọlu Yúróòpù. MacArthur fẹ́ ju bọ́ǹbù sí Ṣáínà, kó dí etí òkun rẹ̀, kó sì lo àwọn ọmọ ogun tó wà ní Taiwan. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kó rò bẹ́ẹ̀, tàbí kó kọ ọ́ sí ààrẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé láti December 1950 ni Truman ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ lórí ètò ìjọba láìgba àyè. Nígbà tó di March 1951 tí Truman ń múra láti pe Ṣáínà síbi ìjíròrò, MacArthur sáré gbé ọ̀rọ̀ jáde ní Tokyo, ó halẹ̀ mọ́ Ṣáínà, ìjíròrò náà sì fọ́. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ó ti kọ lẹ́tà sí Joseph Martin, aṣáájú ẹgbẹ́ alátakò nílé aṣòfin, pé kò sí ohun tó lè rọ́pò ìṣẹ́gun. Martin ka lẹ́tà náà síta ní April 5.

Wọ́n yọ ọ́ ní April 11. Ìkéde náà tilẹ̀ dà rú: wọ́n fẹ́ kí mínísítà kan fi ìwé lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn fẹ́ jò, ni wọ́n bá pe àwọn oníròyìn ní aago kan òru. Ọ̀sán ló jẹ́ ní Tokyo, MacArthur ń gbàlejò nídìí oúnjẹ. Ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ lórí rédíò, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó sì rọra sọ ọ́ sí i létí. Ó ní wọ́n máa padà sílé nìyẹn. Láti 1937 ni kò ti tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Kí ló dé tí kò fipá gbàjọba?

Àwa tí a dàgbà pẹ̀lú orin ológun lórí rédíò láàárọ̀ kùtù ni ìbéèrè yìí máa ń kọ́kọ́ wá sí lọ́kàn. Gbajúmọ̀ ni, ó ní ọmọ ogun, inú ń bí i. Kò tilẹ̀ dábàá rẹ̀. Matthew Ridgway dé láti gba ipò, ó fi ohun gbogbo lé e lọ́wọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ òfurufú. Àìgbọràn rẹ̀ ní ibi tó ń parí sí: ó lè tẹ ẹsẹ̀ lé àṣẹ, kò ní gbé ìbọn sí ẹni tó pa àṣẹ náà.

Nílé, èrò tú jáde pàdé rẹ̀. Wọ́n ṣe ère Truman, wọ́n dáná sun ún. Ní April 19 ó bá ilé aṣòfin sọ̀rọ̀, ó ní jagunjagun tó ti dàgbà kì í kú, ó kàn máa ń pòórá ni. Àwọn aṣòfin kan sunkún. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà jókòó láti May. Wọ́n bi í pé bí Rọ́ṣíà bá torí èyí kọlu Yúróòpù ńkọ́? Ó ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ òun, Pàsífíìkì ni iṣẹ́ òun. Ọ̀rọ̀ yìí tú u fó, torí iṣẹ́ ẹni tó ń wo gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ gbà ṣe. Omar Bradley, olórí àwọn ọ̀gá ológun, ní ogun tí MacArthur ń fẹ́ kì í ṣe ogun tó yẹ, kì í ṣe níbi tó yẹ, kì í ṣe lásìkò tó yẹ, kì í sì í ṣe ọ̀tá tó yẹ. Láti ìgbà náà ni ariwo ti ń lọ sílẹ̀. Truman náà ò gbádùn rẹ̀: ní February 1952, ènìyàn 22 nínú 100 péré ló fara mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí MacArthur rò pé yóò fa òun kalẹ̀ fún ipò ààrẹ ní 1952 fa Eisenhower kalẹ̀, ọmọ abẹ́ rẹ̀ àtijọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí i báyìí?

Ní 1961, Ààrẹ Kennedy bi MacArthur nípa ogun ní ilẹ̀ Éṣíà. Ọkùnrin tó fẹ́ ju bọ́ǹbù sí Ṣáínà lọ́dún mẹ́wàá ṣáájú ní kó má kó ọmọ ogun orí ilẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó kú ní April 5, 1964, kí Amẹ́ríkà tó kó ọmọ ogun rẹpẹtẹ lọ sí Vietnam. Norfolk, ìlú ìyá rẹ̀, ni wọ́n sin ín sí.

Ère rẹ̀ ti wà lórí òkè ní Incheon láti 1957. Ní 2005, àwọn ará Gúúsù Kòríà kan lọ fẹ́ fà á lulẹ̀, wọ́n ní òun ló sọ ìlú àwọn di méjì. Àwọn mìíràn, tí ọ̀pọ̀ wọn ti jagun rí, dúró yí ère náà ká láti dáàbò bò ó, wọ́n ní bí kò bá sí i, abẹ́ Àríwá làwọn ì bá wà. Ọlọ́pàá ló wọ àárín wọn. Ère náà ṣì wà níbẹ̀.